Ohùn Bàbá Rẹ Lábẹ́ Tapólì

Abẹ́ Tapólì,
Ẹ̀yìnkùlé Wa,
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù, mo sì kí ọ kú àárò ilé. Kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ara líle, kí ó bá ọ níbi tí o ti jẹun yó, nítorí mo mọ̀ ọ́, bí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lára tán, o kì í rántí pé ènìyàn ń jẹun. Ṣé àwọn tí ẹ jọ wà níbẹ̀ ń ṣe dáadáa sí ọ? Ṣé bàtà tí ò ń wọ̀ níbi iṣẹ́ kò há ọ mọ́? Àwa níbí ń jẹ, à ń mu, à ń bá ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Wá àga kan fìdí lé kí o tó ka èyí tó kù.

Mo mọ̀ pé wàá ní, kí ló dé tí Màámi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù wo? Ṣé èyí tó máa ń já gẹ́lẹ́ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dùn? Lọ́jọ́ Àìkú tí mo pè ọ́, "Bàbá rẹ, bàbá rẹ" nìkan lo gbọ́, ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ni o bá pe Gírísì mẹkáníìkì pẹ̀lú ẹkún. Má bínú. Èmi ni mo ní kí Gírísì má sọ ju pé ara bàbá rẹ le, nítorí ẹnu mi ni mo fẹ́ kí o ti gbọ́ ọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ohun burúkú. Ohun ìyanu ni, mo sì máa sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, wàá ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀ àsọdùn mi.

O rántí bí o ṣe fi bàbá rẹ sílẹ̀ nígbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù ú, ní ìparí òjò èṣí. Apá ọ̀tún kò gbéra, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ẹnu sì pa dé pátápátá. Bàbá rẹ! Ọkùnrin tó máa ń ti inú lọ́rì tirẹ̀ bá awakọ̀ inú lọ́rì mìíràn jà, tí gbogbo ọ̀nà á sì gbọ́. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ní òun fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún mi, ará ilé kejì á dáhùn láti ojú fèrèsé pé "ẹ ṣeun, a ti gbọ́". O sunkún títí o fi wọ ọkọ̀ òfúrufú. Èmi náà sunkún, ṣùgbọ́n mo dúró kí o lọ tán ná.

Lẹ́yìn tí o lọ, ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀. Mo sọ fún ọ lórí fóònù pé ó ti ń sọ̀rọ̀, irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n n kò sọ bó ṣe ń sọ ọ́ fún ọ. Ọ̀rọ̀ padà, ohùn kò bá a padà. Gbogbo ohun tó bá wí ló ń jáde gbọọrọ ní ohùn kan ṣoṣo, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ náà mọ èdè tí à ń sọ. Mú ohùn kúrò lára rẹ̀, kí ló kù? Ó ní "ọkọ". Ṣé ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ni, àbí ọkọ̀ tó wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, àbí òun fúnra rẹ̀ tí í ṣe ọkọ mi? A óò máa wo ẹnu ara wa bí àwọn tó ń dá àlọ́.

Ní àràárọ̀ ló ń wò mí tó ń ní "ọwọ". Mo gbé ọwọ̀ fún un, ó jù ú nù. Mo rò pé ó ní ilẹ̀ dọ̀tí, mo gbá yàrá náà títí ilẹ̀ rẹ̀ fi ń dán. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ọwọ́ ni, pé kí n wá di òun lọ́wọ́ mú. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ náà, mo dì í mú, aṣọ oníbàárà mi sì wà nílẹ̀ láìrán. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, á ní "ẹwa". Kí ni kí n tún ṣe? Mo gbé ẹ̀wà kaná. Mo se ẹ̀wà títí ikùn gbogbo wa fi ń kùn.

Ẹ̀rín nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wá bá a na ẹsẹ̀ sọ fún mi pé ohùn náà lè padà, ó sì lè má padà mọ́ láéláé, pé kí á ṣáà máa jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, bó bá sọ ọ́ tí kò yé wa, á pa ẹnu dé, á kọjú sógiri, ó di ọjọ́ kejì. Ohun tó ń lé oorun lójú mi nìyẹn. Kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ a lè fi ọ̀pá gbé e. Mo ń bẹ̀rù pé lọ́jọ́ kan á pa ẹnu náà dé, kò sì ní ṣí i mọ́, mo sì máa jókòó ti ọkọ mi láàyè láìtún gbọ́ ohùn rẹ̀.

Yàrá ló kọ́kọ́ sú u. O mọ bí fèrèsé wa ṣe rí, ògiri ilé kejì ló ń wò. Nọ́ọ̀sì ní kí á máa gbé e síta kó máa rí ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti dé, atẹ́gùn rẹ̀ ń la ètè ènìyàn. Ni bàbá rẹ bá na ìka òsì sí ẹ̀yìn balùwẹ̀. Tapólì ni. Tapólì tó fi ń bo ẹrù, tó kọ̀ tí kò tà mọ́ lọ́rì nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọ̀ ewé rẹ̀ ti ṣá, mo sì ti fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi lẹ̀ ẹ́ níbi púpọ̀. Ìwọ náà mọ̀ bí mo ṣe máa ń halẹ̀ pé n ó gé e bo igi ìdáná. Ọpẹ́ pé ẹnu lásán ni.

Mo ránṣẹ́ pe Gírísì, ẹni tó bá a gun lọ́rì láti ìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n, tó ti di ọ̀gá mẹkáníìkì báyìí. Gírísì dé, ó fẹ́ ta á sókè réré kí á lè máa yan lábẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ kọ̀. Ó fi ìka hàn án: kí ẹ̀yìn rẹ̀ sún mọ́lẹ̀, kó kọ ẹ̀yìn náà sí ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, kí wọ́n fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ níhà mẹ́ta. Ẹnu rẹ̀ nìkan kó là, kó sì kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Èmi ń kùn, mo ní èyí tí ènìyàn máa bẹ̀rẹ̀ wọ̀ yìí, ṣé àwa ti di adìyẹ ni?

A bẹ̀rẹ̀, a wọlé. Ọmọ mi, ọyẹ́ gba orí wa kọjá! Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ lókè, mo ń rí eruku tó ń dà sílẹ̀ níwájú, abẹ́ ibi tí a wà sì dákẹ́ rọ́rọ́. Oòrùn àárọ̀ wọlé tọ̀ wá wá, ó dúró lórí ẹsẹ̀ wa. Ara bàbá rẹ tó ti ń gbọ̀n láti òwúrọ̀ rọlẹ̀. Mo fọwọ́ kan aṣọ náà láti inú, mo tún fọwọ́ kàn án, nítorí kò yé mi bí ohun tí kò nípọn ju ìka lọ ṣe lè pààlà báyìí láàárín wa àti gbogbo ọyẹ́ ayé. Títí di ìsinsìnyí kò tíì yé mi tán.

Ohun tó wá pa mí lẹ́nu mọ́ ni ti okùn. Okùn igun kan tú, Gírísì wà lódìkejì, bàbá rẹ sì na ara láti orí àga rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì mú okùn, ó fi eyín di etí rẹ̀, ó yí i, ó fà á, ó so ó. Ìso àwọn onílọ́rì yẹn ni, èyí tó máa ń le sí i bí ẹrù bá ṣe ń fà á. Ọkùnrin tí kò lè pe omi kó yé wa, ó so okùn bí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ lórí lọ́rì lánàá! Gírísì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣì wà níbẹ̀ o!" A bú sẹ́rìn-ín, mo sì yíjú nu omi ojú mi.

Nígbà tí ọyẹ́ lọ tí ooru dé, abẹ́ tapólì di inú ààrò. Mo rò pé eré ti parí. Bàbá rẹ na ìka sókè. Gírísì gun igi, ó gbé e ga, ó tú gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba ọ̀tún wọlé kó gba òsì jáde. Ooru ṣì ń kan àwa lórí. Ni bàbá rẹ bá tún nàka sí aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì mi lórí okùn, pé kí wọ́n so ó sábẹ́ tapólì, ṣùgbọ́n kí wọn má jẹ́ kó kàn án, kí àlàfo wà láàárín. Mo bínú, mo ní ṣé bẹ́ẹ̀dì náà ló ń bọ̀ síta tẹ̀lé e ni? Wọ́n so ó tán, mo dúró sábẹ́ rẹ̀, mo ń wo òkè bí ọ̀dẹ̀. Ooru dúró láàárín aṣọ méjèèjì, kò sọ̀ kalẹ̀ bá wa mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi síta, àwọn oníbàárà mi sì tẹ̀lé e, wọn a gba aṣọ tán, wọn a tún jókòó.

Wàyí o, jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ tí ojú ọjọ́ ṣú lọ́sàn-án. Wọ́n ti sọ ọ́ lórí rédíò pé òṣùpá máa gba iwájú oòrùn kọjá, n kò fi ṣe nǹkan kan. Mo ti bọ́ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún fífọ̀ lọ́jọ́ náà, tapólì nìkan ló wà lórí wa, o sì mọ̀ pé ihò wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ń mu sìgá lórí ẹrù. Oòrùn a máa gba àwọn ihò náà wọlé, á wà nílẹ̀ ní róbótó róbótó, a ti mọ́ ọn lójú. Bí mo ṣe ń wa ẹ̀rọ mi, mo wo aṣọ tó wà níwájú mi, àwọn róbótó náà kì í ṣe róbótó mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti di oṣù tuntun, tínínrín, ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì, bí oòrùn tí òṣùpá ti bò kù ṣe rí lókè. Mo wo ilẹ̀, oṣù tuntun. Mo wo apá mi, oṣù tuntun. Orí pípá bàbá rẹ kún fún un. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé dákẹ́, ẹyẹ kò ké, atẹ́gùn tutù, àwa méjèèjì sì jókòó sáàárín òṣùpá tí a kò lè kà. Ọlọ́run tóbi, ọmọ mi. Mo ti gbé ayé díẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Bàbá rẹ la ẹnu. Ó sọ̀rọ̀ tó gùn, tó gùn ju gbogbo èyí tó ti sọ láti ìgbà àìsàn lọ, ó ń na ọwọ́ òsì, ojú rẹ̀ ń tàn. Gbọọrọ ló ń jáde. N kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ní kí lẹ fẹ́? Ṣé omi ni?" Ó wò mí. Ó pa ẹnu dé. Omi ojú bọ́ sórí àwọn òṣùpá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan ń sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún mi, mo ń bi í bóyá omi ló fẹ́! Láti ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Gírísì wá, ó ṣe gbogbo àwàdà tó mọ̀, òfo. Nọ́ọ̀sì wá, ó bẹ̀ ẹ́, òfo. Mo gbé ọwọ́ mi sínú tirẹ̀, ó dì í mú, ṣùgbọ́n ẹnu kò ṣí. Ohun tí mo ti ń bẹ̀rù ti dé, mo sì rò pé èmi ni mo fà á.

Òjò wá ń sún mọ́lé. Ìjì kan kọ́kọ́ wá láìní òjò nínú, ó já tapólì kúrò lórí igi, ó gbé e wé ara balùwẹ̀. A ká a jọ sẹ́bàá ògiri. Onísìmẹ́ǹtì tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú òpópónà wa rí i nílẹ̀ níbẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tó ti ń bẹ̀ mí tipẹ́, pé kí n tà á fún òun kí òun fi bo ọjà òun, kí òjò má sọ gbogbo rẹ̀ di òkúta. Mo ní kó lọ, mo ní nǹkan onínǹkan ni.

Àfi bí ó ṣe di ọjọ́ kan tí bàbá rẹ ń wo ojú ọ̀run, tí ó nàka sí ẹ̀bá ògiri, tí ó sì la ẹnu. Ó ní, "Ta tapoli. Ta tapoli ki ojo to de." Gbọọrọ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó la ẹnu! Inú mi kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó wí. Mo ní, "Ṣé kí n ta tapólì?" Ó fi orí dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún bi í kó lè dá mi lójú, "Tapólì yìí? Kí n...?" Ẹkún gbà mí lẹ́nu, n kò parí rẹ̀. Ó ti fi orí dá mi lóhùn tán.

Mo wọ ilé ìdáná lọ sunkún. Mo ní ó ti sú u. Bó ṣe jókòó wo ojú ọ̀run lọ́jọ́ tó ta lọ́rì rẹ̀ náà ló ṣe jókòó yìí. Ó ti gbà pé òun kò ní jáde mọ́, ó fẹ́ wọ yàrá lọ, kó kọjú sógiri, kó dákẹ́ títí. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó fi ń bá wa gbé, ó ní kí n tà á. Mo nu ojú mi, mo lọ bá onísìmẹ́ǹtì, mo ní kó wá gbé e. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kó tó fa bárò rẹ̀ yọ.

Ojú ọ̀run ti dúdú nígbà tó dé. Mo ti gbé bàbá rẹ sẹ́nu ọ̀nà, n kò fẹ́ kó wò ó, ṣùgbọ́n kò gbà kí n yí àga rẹ̀ padà. Onísìmẹ́ǹtì gbé tapólì jù sínú bárò, ó fi okùn wé e, ó gbá ọwọ́ bárò mú, ó ti fẹ́ tì í. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi. "Ta á!" Onísìmẹ́ǹtì dúró, ó ń wo ẹnu ọ̀nà, ó rò pé ọkùnrin mìíràn ló wọlé. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ohùn náà tún dún, ó dún dé òpópónà, "Mo ní kó o ta á! Mi ò ní kó o tà á!"

Ọmọ mi, ka gbólóhùn yẹn síta kí o gbọ́ ọ. "Ta á", ohùn dúró lágbedeméjì. "Tà á", ohùn sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n yà. Wọ́n yà gedegbe lẹ́nu bàbá rẹ! Gbígbé kọ́ sórí igi ló ń wí, títà lọ́jà ni mo gbọ́. Wò ó, bí o bá ní "ta tapólì", ẹnu tó le bíi tìrẹ gan-an kò lè fi ọ̀kan hàn yàtọ̀ sí èkejì. Mo bi í ní "ta tapólì", ó gbọ́ tirẹ̀, mo gbọ́ tèmi, a sì jọ gbà fún ara wa. Ọ̀rọ̀ náà ni kò ní ibi tí wọ́n ti lè yà á àfi kí ènìyàn fi ohùn sí i, bàbá rẹ sì lọ wá ohùn náà wá láti ibi tó sọnù sí, nítorí kí wọn má baà gbé tapólì rẹ̀ lọ.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, "Ẹ tún un sọ." Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, òjò ń bọ̀!" Ó gòkè, ó sọ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún mi bú." Onísìmẹ́ǹtì kò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín ni àbí kó sá. Bàbá rẹ kọjú sí i, ó ní, "Olè! Gbé e sọ̀ kalẹ̀, mi ò tíì kú!" Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá, wọ́n ní ẹ ní kí wọ́n tà á ni." Ó tú ẹrù náà fúnra rẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní níbo ni kí òun so ó mọ́. Ènìyàn rere ni, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Báyìí ni a ṣe ta á fún òjò. Bàbá rẹ ń pàṣẹ, èmi àti onísìmẹ́ǹtì ń sáré. Okùn kan la àárín kọjá, láti ara igi dé ara ògiri, a fi tapólì lé e kó dagẹ̀rẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì. Bàbá rẹ ní kí á fà á le, kí ó má ṣe rọ̀ níbì kankan, pé ibi tó bá rọ̀ ni omi máa jókòó sí títí á fi bẹ́. Ó ní kí ìpẹ̀kun kan rẹlẹ̀ ju èkejì lọ kí omi lè gba ojú kan lọ, kí n sì fi ọkọ́ la ojú ọ̀nà fún un nílẹ̀. "Ọkọ́," ó wí, mo sì mú ọkọ́ láìbi í léèrè mọ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn ṣì ń jáde gbọọrọ, á dúró, á mí, á tún un mú láti ìbẹ̀rẹ̀. A wọlé bí òjò ṣe kọ lu ilẹ̀.

Àràmàǹdà òjò ni. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé di odò, n kò rí balùwẹ̀ mọ́, mànàmáná ń la ojú ọ̀run sí méjì, ariwo rẹ̀ lórí tapólì sì fẹ́ gbé orí ènìyàn lọ. Kò sí ẹ̀kán kan tó bọ́ sí wa lára. Omi ń sá lọ ní ọ̀tún, ó ń sá lọ ní òsì, ó gba ojú ọ̀nà tí mo là fún un, àwa sì jókòó gbẹ fúrúfúrú láàárín rẹ̀. Láàárín gbogbo ariwo yìí ni bàbá rẹ ń sọ̀rọ̀, ó ń pariwo bíi ti àtijọ́, mo sì ń gbọ́. Ó ní òun kò tún fẹ́ rí ẹ̀wà nínú ilé yìí mọ́, pé òun ń yìn mí, òun ń sọ fún mi pé mo ní ẹwà, mo ń lọ gbé ìkòkò kaná. Onísìmẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, mo sunkún níwájú àlejò.

Nọ́ọ̀sì wá lọ́jọ́ kejì, ó gbọ́ ọ, ó jókòó. Ó ní ọ̀nà ṣì jìn, pé àwọn ọ̀rọ̀ kan á padà, àwọn kan á máa ṣe orí kunkun, ṣùgbọ́n ohun tó ti yọjú kò ní sá padà bí a bá ń fún un láyè. A ń fún un láyè. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sinmi mọ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń bá òjò wíjọ́ pé kò rọ̀ tó.

Kí Ọlọ́run tó bò wá yìí bo ìwọ náà níbikíbi tí orí rẹ bá wà. Kí òtútù ibẹ̀ yẹn gba orí rẹ kọjá láìkàn ọ́. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má sú ọ, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ má sọnù mọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ lọ́wọ́, kí o bá wa ní ilé, kí á bá ọ ní ayọ̀. Gírísì ní kí n kí ọ, onísìmẹ́ǹtì náà ní kí n kí ọ bí ẹ ò tilẹ̀ mọ ara yín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó bí ọ, tó ń ránṣọ fún gbogbo àdúgbò, tí aṣọ tirẹ̀ sì ya.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ àpò ìwé yìí pa nígbà tí mo bi bàbá rẹ léèrè ohun kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ó ti pe èmi, ó ti pe Gírísì, ó ti pe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹnu rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣí, kò pe orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní, "Bàbá wa, ṣé ẹ gbàgbé orúkọ ọmọ yín ni?" Ó ní, "Mi ò gbàgbé. Mi ò fẹ́ pè é ní wíwọ́ ni." Ó ní àràárọ̀ lòun ń gbìyànjú rẹ̀ nínú, pé kò tíì tọ́. Ó wá mí sínú, ó pè é. Ó gòkè níbi tó yẹ kó gòkè, ó sọ̀ níbi tó yẹ kó sọ̀. Wo ẹ̀yìn àpò ìwé, ọmọ mi. Mo fi àmì sórí orúkọ rẹ bó ṣe pè é gẹ́lẹ́.